Àga páálí àti ṣíbí onísùkù: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ nínú ilé

Ọmọ tí ìdí rẹ̀ kò bá dúró sójú kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ráyè ṣiṣẹ́. Gbogbo agbára tó yẹ kó fi di ṣíbí mú ni yóò fi máa wá bí kò ṣe ní ṣubú. Ìdí nìyẹn tí a fi máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó kí a tó dé ìdí oúnjẹ, aṣọ àti iṣẹ́ ọwọ́.

Àwọn ọmọ tí a ní lọ́kàn jù ni àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa láti inú oyún, nígbà ìrọbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ tí kò tètè ké, ọmọ tuntun tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n (jaundice) tí wọn kò sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ tí ibà wọ̀ lọ́pọlọ tàbí tí yírùnyírùn ṣe. Ara àwọn kan máa ń le bí igi, ti àwọn mìíràn máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Cerebral palsy ni ilé ìwòsàn ń pè é. Ọgbẹ́ inú ọpọlọ náà kì í lọ, kì í sì í gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè pọ̀ sí i tí a bá ń kọ́ ọ lójoojúmọ́. Tí a bá pa á tì, àwọn oríkèé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, wọn á sì le.

Occupational therapy ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tó gboyè nínú rẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ìyá tó wà ní Òkèlélé ní Ìlọrin tàbí ní abúlé kan lẹ́bàá Ìgbájà kò lè máa retí wọn kí ọmọ rẹ̀ tó jẹun lónìí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣeé ṣe pẹ̀lú ohun tí a lè rí ní ọjà Ìpàtà tàbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fíríìjì.

Ẹ kọ́kọ́ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà gan-an, ìyá tàbí ìyá àgbà: "Ìgbà wo nínú ọjọ́ ni ìtọ́jú ọmọ yìí máa ń wọ̀ yín lọ́rùn jù?" Òmíràn á ní ìgbà oúnjẹ, òmíràn á ní ìgbà ìwẹ̀. Òmíràn á ní ohun tó ń dun òun ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ń lọ sí ilé kéwú, òun nìkan ló ń ṣẹ́kù sílé. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí. "Kó sáà rìn" kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ó fi kọ́ ọ kí a tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: "Kó fi ṣíbí bu ẹ̀kọ dé ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìjẹ́ pé a di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Kí ẹ tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó. Ọwọ́ wo ló máa ń kọ́kọ́ nà? Ṣé òwúrọ̀ ni ara rẹ̀ máa ń yá àbí lẹ́yìn oorun ọ̀sán? Tí ariwo bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ṣé ara rẹ̀ máa ń le gbọin? Tá ló máa ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ni kó máa kọ́ ọ, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan.

Wíwọn ọmọ

Tépù télọ̀ ti tó. Ẹni méjì ni kó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì líle, kí ẹnì kan di ìbàdí rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Tí kò bá lè jókòó rárá, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ ká itan rẹ̀ sókè, kí ẹ sì ká orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga, kí ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀.

1. Láti ẹ̀yìn ìdí dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 3 kúrò. Èyí ni bí ìjókòó ṣe máa gùn tó láti ẹ̀yìn wá síwájú.
2. Láti kòtò ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀, pẹ̀lú bàtà tó máa ń wọ̀. Èyí ni gíga ìjókòó láti ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé.
3. Ìbàdí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un.
4. Láti ìjókòó dé èjìká, tó bá lè gbé orí rẹ̀ dúró. Tí kò bá lè gbé e dúró, ẹ wọ̀n ọ́n dé àtàrí.
5. Láti ìjókòó dé ìgúnpá tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un. Ibẹ̀ ni pátákó iwájú àga máa wà.

Nọ́ńbà kìíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì. Tí ìjókòó bá gùn jù, etí rẹ̀ á máa gún ọmọ lẹ́yìn orúnkún. Ọmọ á wá yọ ìdí síwájú kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora náà, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, á sì máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Wọ́n á ní ọmọ náà kò fẹ́ jókòó, bẹ́ẹ̀ àga ló ń lé e.

Àwọn kan tún máa ń fẹ́ kí àga tóbi kí ọmọ lè dàgbà sí i, bí a ṣe ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ tí àyè pọ̀ fún á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e lọ. Bákan náà ni kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà (wheelchair) tí wọ́n máa ń fi ta ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́rẹ: inú rere ni wọ́n fi fún un, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá fi tìmùtìmù dí inú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ń ba ẹ̀yìn ọmọ jẹ́ ni.

Páálí àti ẹ̀kọ láfún

Ní Zimbabwe ni Bevill Packer ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú iṣẹ́ páálí yìí, tí wọ́n ń pè ní APT (Appropriate Paper-based Technology, ìyẹn fífi ìwé àti páálí ṣe ohun èlò). Páálí tí a lẹ̀ mọ́ra dáadáa tí ó sì gbẹ máa ń le débi pé ayùn la fi ń gé e.

Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ wá páálí ńlá bíi mẹ́wàá (ti fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n tàbí fáànù ló dára, ti Indomie fẹ́lẹ́ jù fún ìjókòó, ẹ lò ó fún ẹ̀gbẹ́), àpò sìmẹ́ǹtì oníwèé mẹ́ta tí ẹ ti gbọn eruku rẹ̀ dànù, láfún, àti álọ́ọ̀mù díẹ̀.

Fún ẹ̀kọ tí a ó fi lẹ̀ ẹ́, agolo láfún kan, agolo omi tútù kan, agolo omi híhó márùn-ún. Ẹ sẹ́ láfún náà. Ẹ fi omi tútù pò ó títí kóró kankan kò fi ní sí nínú rẹ̀, kí ẹ wá rọra dà á sínú omi tó ń hó, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Kò tíì jinná nígbà tó bá ṣì funfun bí ẹfun. Ẹ máa rò ó lórí iná díẹ̀ títí tó fi máa ń dán. Ẹ yọ́ ṣíbí tíì kan álọ́ọ̀mù sí i. Ó ń dí ìbu lọ́wọ́, àwọn aládìrẹ náà mọ̀ ọ́n. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi máa kan. Èyí tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù.

Tí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, páálí á mu omi, á sì ká kòrókòró bó bá ń gbẹ. Tó bá ní kókó, àlàfo á wà láàárín páálí méjì, ibẹ̀ ni aáyán máa ń yé sí.

Ẹ wo inú páálí, ẹ máa rí àwọn ìlà oníhò tó tò lọ. Páálí kìíní, kí ìlà rẹ̀ dúró lóòró. Èkejì, kó dùbúlẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo ìlà bá kọjú sí ibì kan náà, pátákó yín á ṣẹ́ lójú ìlà náà lọ́jọ́ tí ọmọ bá fò lé e. Ìjókòó gba páálí mẹ́fà, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ márùn-ún, pátákó iwájú mẹ́rin. Ẹ fi ẹ̀kọ pa ojú méjèèjì tó máa pàdé, ẹ fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí etí, kí ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e nàró kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i níwá lẹ́yìn, ẹ máa yí i padà. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ márùn-ún lè tó. Nígbà òjò, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa gbé e wọlé lálẹ́. Ẹ má kánjú níbí yìí rárá, nítorí àga tó tutù nínú ni àga tó ń bu. Ẹ gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: tó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án: tó bá dún kọ́kọ́kọ́ bí pákó, ó ti ṣe tán.

Tító àga pọ̀

Ẹ fi ayùn gé gbogbo rẹ̀ sí ìwọ̀n. Pátákó ẹ̀gbẹ́ méjì ló máa gbé ìjókòó dúró, ẹ fi ẹ̀kẹta sí àárín lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìṣó lu ihò, kí ẹ fi igi ṣùyà tí ẹ ti kì bọ ẹ̀kọ gún un wọ inú. Òun ni ìṣó yín. Ìṣó irin kò dì mọ́ páálí, ó sì lè yọrí jáde sí ara ọmọ.

Ẹ wá fi ọwọ́ ya ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, nítorí etí tí a ya máa ń sùn mọ́ ara páálí, èyí tí a gé máa ń ṣí. Ẹ fi lẹ gbogbo oríkèé àga náà nínú àti lóde, ìpele mẹ́ta, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ kí èyí tó tẹ̀ lé e tó bọ́ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìwé bo gbogbo ara àga ní ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá gbẹ, ẹ kùn ún ní ọ̀dà elépo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi rẹ́síìnì bo ìjókòó nítorí ìtọ̀, kí ẹ gé sílípáàsì àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi ilẹ̀ má baà fà wọ inú páálí, kí ikán má sì rí i jẹ.

Àgbàlagbà ni kó kọ́kọ́ jókòó sórí rẹ̀, kó mi ara rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún. Tó bá dún, ẹ wá oríkèé tó ń dún, kí ẹ tún un lẹ̀.

Gbígbé ọmọ sórí àga

Ìdí ọmọ gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn àga pátápátá. Ìbàdí ká, orúnkún ká, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí nǹkan líle. Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ̀ dirodiro, ẹ wá àpótí sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀já rírọ̀ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ni kí ẹ fi dè é, ibi tí itan ti pàdé ikùn ni kó gbà, kó sì fà sísàlẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀já tó bá gba orí ikùn kò dá ìdí dúró, ó kàn ń fún ọmọ nínú ni.

Ọmọ tí itan rẹ̀ máa ń kọjá lórí ara wọn bí sísọ́ọ̀sì nílò òpó kékeré tí a fi tìmùtìmù wé láàárín orúnkún méjèèjì. Ìtòsí orúnkún ni kó wà. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ abẹ́ ọmọ. Ọmọ tó máa ń na ara gbọin títí á fi yọ bọ́, ẹ fi aṣọ ká gbé iwájú ìjókòó sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Nígbà tí ẹ bá ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká itan rẹ̀, kí ẹ tó gbé e. Tí ẹ bá fà á lápá, gbogbo ara rẹ̀ á tún le sí i.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e kúrò, ẹ yẹ ìdí, ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ wò. Lórí awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ibi tó bá gbóná tàbí tó le ju àyíká rẹ̀ lọ ni àga ti ń tẹ̀. Tí kò bá lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún ibẹ̀ ṣe kí ọmọ tó tún jókòó.

Fún ọmọ ilé kéwú tó fẹ́ jókòó sórí ẹní bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àga náà kò nílò ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìjókòó fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ga ju ẹní lọ, nítorí iṣan ẹ̀yìn itan tó le máa ń fa ìdí ọmọ sẹ́yìn tó bá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé wàláà lé àpótí kékeré níwájú rẹ̀ dípò orí itan. Ẹ bá alùfáà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó fi í sẹ́bàá ògiri.

Oúnjẹ

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù nìyí. Ọmọ tí kò bá fẹ́ jẹun, wọn a tẹ́ ẹ sórí itan, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, wọn a sì rọ ọ́ ní ẹ̀kọ tàbí àgbo. Kò dára fún ọmọ kankan. Fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, ó lè pa á, nítorí kò lè tètè pa ọ̀nà èémí rẹ̀ dé, orí tó sì dojú kọ òkè ń ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ gbayawu. Oúnjẹ á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tí ẹ ń fi oògùn lé lọ tó tún ń padà wá, ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ náà. A bẹ̀ yín, ẹ má rọ ọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kó jókòó nàró, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí àyà. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí ojú yín bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Tí ẹ bá dúró, á gbé orí sókè wò yín. Tí ẹnu rẹ̀ kò bá pa dé fúnra rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò sí àárín ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n, kí ìka tó tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ egungun àgbọ̀n, kí ìka àárín wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í tì í lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ẹ má fún un.

Ṣíbí kékeré tó tẹ́ ni kí ẹ lò, ẹ má lo ike tó lè ṣẹ́ sẹ́nu. Ìdajì ṣíbí ni kí ẹ bù. Ẹ gbé e lé orí ahọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ dúró. Ètè òkè á sọ̀ kalẹ̀ wá kó oúnjẹ náà. Ìdúró yìí ni àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún. Wọn a ha ṣíbí mọ́ eyín òkè, ètè ọmọ kò sì ní kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láéláé. Ẹ jẹ́ kó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bu òmíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó ṣì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Oúnjẹ tó ki tó sì dán ló rọrùn jù láti gbé mì: ẹ̀kọ tó ki, ẹ̀bà tàbí àmàlà rírọ̀ tí a fi gbẹ̀gìrì pò títí ó fi di ọ̀kan, ẹ̀wà tí a lọ̀. Ọbẹ̀ omi tí ẹran wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ ló le jù, nítorí omi á ti sáré lọ nígbà tí ẹnu ṣì ń wá ẹran. Àwọn ọmọ yìí kì í lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kí ìwọ̀nba tó jẹ lágbára: ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tó kúná tàbí edé sí ẹ̀kọ, ẹ kán epo sí i, kí ẹ fi ìdí ṣíbí tẹ wàrà títí á fi kúná.

Ní ti omi mímu, ẹ wá kọ́ọ̀pù ike rírọ̀, ẹ gé etí rẹ̀ kan ní bíi ìrísí àbọ̀ òṣùpá kí imú lè rí àyè wọ̀. Ọmọ á lè mu ún tán láìgbé orí sẹ́yìn, ẹ̀yin náà á sì máa rí ètè rẹ̀. Ẹ fi iná jó etí tí ẹ gé kó má baà mú.

Ọwọ́, aṣọ àti ìwẹ̀

Fún ọmọ tí kò lè di ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ mú, ẹ wá sùkù àgbàdo tó ti gbẹ, ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ ki ọwọ́ ṣíbí bọ̀ ọ́. Tí sùkù kò bá sí, rọ́bà táyà inú tí a wé mọ́ ọn náà dára. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kó má baà máa sá.

Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni kí ẹ ti máa kọ́ ọ bọ̀ síwájú. Ẹ wo ṣòkòtò. Ẹ̀yin ni kí ẹ ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, kí ẹ fà á dé itan, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ọmọ ló máa fà á dé ìbàdí. Òun ló parí rẹ̀, òun la máa kí. Tó bá ti ń ṣe èyí fún ọjọ́ mélòó kan láìsí wàhálà, ẹ dúró sí orúnkún, kó fà á láti ibẹ̀. Tí a bá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó le jù ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, á sì sú u. Ṣòkòtò onírọ́bà àti bùbá ọlọ́rùn fífẹ̀ ni kí ẹ rán fún un. Apá tó le ni kó kọ́kọ́ wọ aṣọ, òun ni kó bọ́ ọ kẹ́yìn. Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ ní àlùwàlá nìyẹn pẹ̀lú: ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ìyókù fún un, kí òun fúnra rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, pẹ̀lú bútà kékeré tí omi rẹ̀ kò ju ìdajì lọ.

Iṣẹ́ tó ń mú ọwọ́ lágbára wà káàkiri Ìlọrin. Amọ̀ tútù láti ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Dàda, kó máa fún un, kó máa yí i. Ẹ̀pà bíbó. Ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tí a ń sín sí okùn líle, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ tó ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ dára ju wákàtí kan lọ.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Tí ọmọ bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun, tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tó ń rù, ẹ gbé e lọ. Tó bá ń ké nígbà tí ẹ bá ń la itan rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, tàbí tí itan kan kúrú ju èkejì lọ, egungun ìbàdí lè ti yẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Tí gìrì bá mú un, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe ṣíbí, ìbáà ṣe àgbo ìtọ̀ màlúù. Gìrì tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Oògùn wárápá tí dókítà bá kọ, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin wà ní ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ibi físíò. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò ọmọ níbi tó ti ń jẹun àti níbi tó ti jókòó sórí àga rẹ̀. Dókítà á rí ohun tí ẹnu kò lè sọ tán. Tí ilé-ìwé kan bá ní àwọn kò gba irú ọmọ yìí, ẹ rán wọn létí pé òfin ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá ti ń ṣe é, ẹ mú iṣẹ́ mìíràn. Tí kò bá tíì ṣe é, ẹ gé iṣẹ́ náà kéré sí i, kí ẹ sì tún ìjókòó rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ tún ọmọ wọ̀n, pàápàá nọ́ńbà kìíní àti ìkejì, nítorí itan àti ojúgun ló máa ń kọ́kọ́ gùn. Ẹsẹ̀ àga ṣeé fi páálí mìíràn lẹ̀ kó ga sí i. Ìjókòó tó bá ti kúrú, ẹ ṣe òmíràn, kí ẹ gbé ti àtijọ́ fún ọmọ mìíràn tó kéré sí i ládùúgbò.